Ọdẹ́lànà àti Ọ̀dú Tí Kò Hù

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yí mi ká lábẹ́ igi ọ̀sàn yìí, ẹ fi ẹ̀pà ọwọ́ yín sílẹ̀ ná, kí ariwo èèpo rẹ̀ má baà bo ohùn mi mọ́lẹ̀. Ẹ mọ̀ mí. Ẹ mọ̀ pé èmi ni mo fi ọta kan ṣoṣo pa ẹfọ̀n méjì, àwọn tí kò gbà mí gbọ́ nínú yín náà sì jẹ nínú ẹran wọn. Ṣùgbọ́n ìtàn òní kì í ṣe tèmi. Ìtàn ọ̀gá mi ni, Ọdẹ́lànà ará Ìdí-Ahùn, ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ọdẹ. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́ fún mi, ojú rẹ̀ sì dàrú bó ṣe ń sọ ọ́, bí ojú ẹni tó dé ọjà tán tí kò rántí ohun tó wá rà.

Ọdẹ́lànà kì í ṣe ọdẹ kékeré. Bí ó bá wọ igbó láàárọ̀, etu á ti máa dágbére fún ọmọ rẹ̀. Ó lè tọ ipasẹ̀ ẹranko lórí àpáta, ó lè gbọ́ òórùn ìkookò nínú òjò. Ohun kan ṣoṣo tí kò mọ̀ ni ohun tó wà lẹ́yìn ilé ara rẹ̀, nítorí Ẹfúnyẹlá ìyàwó rẹ̀ ló ni ibẹ̀. Níbẹ̀ ni obìnrin náà ti ń gbin ilá, ata, ewúro, àti èyí tó fẹ́ràn ju gbogbo wọn lọ, ọ̀dú. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló ti gba irúgbìn ọ̀dú náà nígbà tó ń bọ̀ wá sílé ọkọ. Ọdọọdún ló ń gbìn ín, ọdọọdún ló ń gba irúgbìn tuntun sínú àdó kékeré kan, nítorí bí irúgbìn náà bá fi lè pẹ́ nínú àdó, híhù rẹ̀ á di ẹ̀bẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn tó tún ní irú rẹ̀ mọ́ láyé. Ìyá ti kú, àwọn àbúrò kò sì fẹ́ràn iṣẹ́ ọgbà.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, Ẹfúnyẹlá yọ̀ ṣubú létí odò, eegun itan rẹ̀ sì dá. Ẹni tó bá a to eegun ní kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀ títí iṣu tuntun á fi jáde. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ó pe ọkọ rẹ̀ wọ yàrá, ó gbé àdó náà lé e lọ́wọ́, ó ní bí wọn kò bá gbìn ín lọ́dún yìí, ó parí nìyẹn. Ó wá bi í léèrè bóyá ó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ọdẹ́lànà rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀dú kì í ṣàìmọ̀ olóko. Ìyàwó rẹ̀ ní òun mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun kò rí olóko kankan nínú yàrá náà. Kí ó tó sọ èyí tán, ọkọ ti jáde.

Ó gbin ti àkọ́kọ́ bí ẹni ń gbin iṣu. Ó gbẹ́ ihò tó jìn, ó da irúgbìn tí kò tó ojú kòkòrò sísàlẹ̀, ó sì fi erùpẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gbọin. Ohunkóhun kò hù. Ó gbin ti ẹlẹ́ẹ̀kejì sókè díẹ̀, èyí sì hù, inú rẹ̀ dùn, ó bá lọ kó ìgbẹ́ adìyẹ tútù láti inú àgò, ó kó o lé e lórí kí ó lè yára sanra. Kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, gbogbo rẹ̀ ti jó gbẹ bí irun tó kan iná. Ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó ní omi ni kò rí mu tó. Ó bomi rin ín láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́, títí ọ̀pọ̀lọ́ fi kó wá síbẹ̀ tìyàwó tọmọ, tí ìdí ewéko náà sì rà.

Láràárọ̀ ni Ẹfúnyẹlá ń bi í láti orí ẹní pé ọ̀dú ńkọ́. Ọdẹ́lànà á dáhùn pé ó ń ṣe dáadáa. Ó ní ó ti yọ. Ó ní ó ti dé ọrùn ẹsẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní ó ti dé orúnkún. Irọ́ ń dàgbà, ọ̀dú kò hù.

Lọ́jọ́ kan ó yẹ inú àdó wò, ó rí i pé ohun tó kù níbẹ̀ kò ju ohun tí ìka méjì lè ṣà lọ. Ojú tì í débi pé kò lè jẹun àárọ̀. Ó so àdó mọ́ ọrùn, ó gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó ní òun ń lọ wo tàkúté. Kò sí tàkúté kankan níbi tó ń lọ. Ìbéèrè ìyàwó rẹ̀ ló ń sá fún.

N kò ní sọ fún yín ibi tó gbà tàbí ọjọ́ tó lò lọ́nà. Igbó tí gbòǹgbò igi ti ń wo òkè, tí ewé ń wo ilẹ̀, ta ni yóò ka ọjọ́ níbẹ̀? Ẹ ṣáà mọ̀ pé ó dé oríta kan, ó sì bá iwin kan tó jókòó lé òkìtì ọ̀gán. Iwin náà ní ẹnu mẹ́ta, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ọ̀kan ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Ọdẹ́lànà fà sẹ́yìn, ó ki ìbọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ẹranko tó ti pa àti àwọn ẹbọra tó ti sá fún un. Iwin náà dúró jẹ́jẹ́ títí ó fi kà á tán.

“Mo ti gbọ́,” ni ẹnu iwájú wí. “Kí lo wá ń wá?”

Ọdẹ́lànà fẹ́ sọ ohun tó le, ṣùgbọ́n ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé òun ń wá bí wọ́n ṣe ń gbin ọ̀dú.

Iwin náà gbé ọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó rò ó. Ẹnu iwájú ní oòrùn gangan ni ọ̀dú ń fẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é nílé tòun lórí òkè. Ẹnu ọ̀tún ní rárá o, abẹ́ òjìji ni, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é nílé tòun níbi tí ilẹ̀ ti jẹ́ yanrìn. Ẹnu òsì ní àwọn méjèèjì kò parọ́, ṣùgbọ́n bí Ọdẹ́lànà bá lọ ṣe bí wọ́n ṣe wí, ọ̀dú rẹ̀ á kú. Wọ́n ní abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ọdẹ́lànà béèrè ọ̀nà kan, ọ̀nà sì di mẹ́ta. Ó ní kí wọ́n fi ọ̀kan sílẹ̀ fún òun. Ẹnu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yán lẹ́ẹ̀kan náà, iwin náà sì bi í pé, “Ta ló ń gbé ilé rẹ?”

Ó ní òun ni.

“Lọ bi onítọ̀hún.”

Ọdẹ́lànà ka èyí sí èébú. Ó fi ìbínú bọ́ sọ́nà, kò sì wo ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀. Ọdẹ tí kò wo ẹsẹ̀, ẹ̀yin náà mọ ohun tó ń ṣe é. Ilẹ̀ rọ̀ lábẹ́ rẹ̀, ó rì dé ìbàdí, ìtàkùn gbọ̀rọ̀ sì dì í lọ́wọ́ dì í lẹ́sẹ̀ kí ó tó ráyè pe orúkọ bàbá rẹ̀. Nígbà tó máa lajú, ìlú kan ló bá ara rẹ̀ tí ewéko ti ń rìn. Ilá ń gbá ilẹ̀. Ata ń jà lẹ́nu kànga. Ewúro méjì jókòó, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ẹni tí kò sí níbẹ̀. Kò sì sí ènìyàn kan níbẹ̀, àyàfi èyí tí wọ́n gbìn.

Ẹni tó ni oko ènìyàn náà ni Ìyá Tẹ̀tẹ̀, arúgbó tẹ̀tẹ̀ kan tí ìdí rẹ̀ ti pọ́n, tí ewé orí rẹ̀ sì ti tán ku méje. Wọ́n ní tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́, gbogbo ìlú sì ń bọ̀wọ̀ fún un. Ó wọn Ọdẹ́lànà láti orí dé ẹsẹ̀, ó kọ ebè kan, ó sì gbìn ín dé orúnkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Akínpẹ̀lú, ahunagbọ̀n tó wá gé okùn igbó tí wọ́n mú. Akínpẹ̀lú sọ fún un pé kò sí ìwà ìkà lọ́wọ́ obìnrin náà. Ó ní èyí gan-an ló burú níbẹ̀.

Ní ọjọ́ kìíní, Ìyá Tẹ̀tẹ̀ bu omi lé wọn lórí láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́. Ní ọjọ́ kẹta, ẹsẹ̀ wọn ti hunjọ nínú ẹrẹ̀, otútù sì ń gbọn eyín wọn. Ìyá Tẹ̀tẹ̀ wò wọ́n, ó ní àwọ̀ wọn kò dára, oúnjẹ ni kò tó. Ó ti gbọ́ pé iyán ni ènìyàn ń jẹ. Ó gún iyán, ó kó o gbígbóná, tí èéfín ń jáde lára rẹ̀, ó sì rọ ọ́ mọ́ wọn nítan yíká. Ọdẹ́lànà tí ẹkùn ti ha lẹ́yìn rí tí kò mí kanlẹ̀, lọ́jọ́ náà ó sunkún. Iyán wà nítòsí, ebi ń pa á, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ìtàkùn, itan rẹ̀ ń bó. Inú òórùn iyán yẹn ló ti rántí ìgbẹ́ adìyẹ. Ó sorí kọ́, Akínpẹ̀lú sì rò pé ó ti kú.

Ohun tó wá dà á láàmú ju ìyà náà lọ ni pé láràárọ̀, àwọn ọ̀dọ́ ewéko ìlú á wá síbi ọgbà, wọ́n á bi Ìyá Tẹ̀tẹ̀ pé àwọn ènìyàn rẹ̀ ńkọ́. Arúgbó náà á dúró síwájú wọn kí wọ́n má baà ríran kọjá, á sì dáhùn pé wọ́n ń ṣe dáadáa. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó ní wọ́n máa tó so.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Ọdẹ́lànà pè é. “Ìyá, ẹ má bínú. Ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ń ṣe yìí?”

Ìyá Tẹ̀tẹ̀ wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó tẹ̀ mọ́ ọn létí. “N kò mọ̀ ọ́n,” ló wí. “Ilá ní kí n fún yín lómi. Ata ní oòrùn ni. Ewúro ní kí n gé yín lórí kí ẹ lè yọ ẹ̀ka. Ẹ̀yin ni ìkẹjọ àti ìkẹsàn-án. N kò mọ ohun tó pa àwọn méje ìṣáájú.”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹni tó ń fìyà jẹ ọ́ tó tún ń wá ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ rẹ, báwo lo ṣe máa ṣe é? Ọdẹ́lànà fẹ́ bínú, ìbínú kò wá. Àánú ló wá, kò sì mọ ibi tó ti wá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ fún un, iṣẹ́ ọdẹ. Ó ní bí òun bá dé igbó tí òun kò mọ̀, òun kì í dẹ gbogbo tàkúté òun sójú kan. Òun á dẹ ọ̀kan létí omi, òun á dẹ ọ̀kan lójú ọ̀nà, òun á dẹ ọ̀kan nídìí igi tó ń so èso, òun á sì fi àdá ṣá igi kọ̀ọ̀kan lámì kí òun má baà gbàgbé. Bí ilẹ̀ bá mọ́, òun á yẹ̀ wọ́n wò. Èyí tí òun bá ti rí irun ẹran, ibẹ̀ ni òun á tún padà sí. Òun kì í bi ẹnikẹ́ni bóyá ẹran wà níbẹ̀. Tàkúté ni òun ń bi.

Ìyá Tẹ̀tẹ̀ lọ gé ọ̀pá méjì wá, ó ri ọ̀kan mọ́lẹ̀ síwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó sì hú Akínpẹ̀lú lọ sábẹ́ òjìji, ó ń fún un lómi lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, ó sì ń fi iyán tó ti tutù sí i lẹ́nu. Ọdẹ́lànà, ó fi í sílẹ̀ nínú oòrùn bó ṣe wà kí ó lè mọ ìyàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọgbọ́n tí ọdẹ kọ́ ọ ló fi jẹ ọdẹ níyà. Lójoojúmọ́ ló ń fi ọ̀bẹ ṣá ọ̀pá. Nígbà tó di ọjọ́ keje lẹ́yìn náà, Akínpẹ̀lú ti ń kọrin, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti kún. Ọdẹ́lànà ti rọ bí ewé tí wọ́n já lánàá. Arúgbó náà wo ọ̀pá kìíní, ó wo ọ̀pá kejì, ó sì mi gbogbo ewé orí rẹ̀ méjèèje tìtì. Lọ́jọ́ náà ló gbé ọdẹ lọ sábẹ́ òjìji. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn rẹ̀, ara rẹ̀ ti ń bọ̀ sípò.

Lẹ́yìn náà ló tú wọn sílẹ̀. Ó ní ohun tó fi ara hàn òun lára wọn ni pé ilé wọn ni wọ́n á ti hù jù, níhìn-ín kìkì pé wọn kò kú ni. Ọdẹ́lànà yọ ẹsẹ̀. Akínpẹ̀lú kò yọ tirẹ̀. Ó ní òun wà lábẹ́ òjìji, wọ́n ń fi iyán sí òun lẹ́nu, kí ni òun fẹ́ lọ ṣe nílé? Ọdẹ́lànà bẹ̀ ẹ́, ó bú u, ó tún bẹ̀ ẹ́. Ahunagbọ̀n náà di ojú rẹ̀. Títí ọ̀gá mi fi re ibi àgbà ń rè, ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn kò yé e.

Nígbà tó délé, Ẹfúnyẹlá ló bá ní ẹ̀yìnkùlé, lórí àpótí tí àwọn aládùúgbò gbé e sí. Ilẹ̀ gbígbẹ ló wà níwájú rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀pọ̀lọ́ kan tó kù.

“Baálé mi,” ló wí, “láti ọjọ́ tí ẹ ti ní ó dé orúnkún ni mo ti mọ̀. Kò sí bí ọ̀dú á ṣe dé orúnkún kí n má tíì rí i nínú ọbẹ̀.”

“O ò wí nǹkan kan.”

“Mo ń wò ó bóyá irọ́ náà á hu ewé ni.”

Ọdẹ́lànà jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, láti orí iwin títí dé orí iyán gbígbóná. Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí itan rẹ̀ fi ń ro ó. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin náà bi í ní ohun tí kò bi í rí láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ẹ. Ó ní kí ó kọ́ òun bí ó ṣe ń gbìn ín.

Ẹfúnyẹlá ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni. Ó tún ní rárá, ọdún tí òjò pẹ́ nìyẹn. Ó ní lójú oòrùn, ó tún rántí ọdún tí oòrùn jó gbogbo rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n, ẹnu rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Ohun méjì péré ló dá a lójú. Èkíní, wọn kì í rì í mọ́lẹ̀, wọn a pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ, wọn a wọ́n ọn, wọn a sì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Èkejì, ìgbẹ́ adìyẹ gbọ́dọ̀ pẹ́ nílẹ̀ títí kò fi ní rùn mọ́. Nípa ti ìyókù, wọ́n pín irúgbìn tó kù nínú àdó ọrùn Ọdẹ́lànà sí mẹ́ta. Wọ́n gbin ìdá kan sí gbangba, ìdá kan sábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìdá kan sínú ìkòkò fífọ́ lábẹ́ ìgbátí ilé. Ọdẹ́lànà ri ọ̀pá mọ́ ìdí kọ̀ọ̀kan, ó sì ń ṣá ọ̀pá bí wọ́n bá bomi rin ín, bí òjò bá rọ̀, bí ohun kan bá yọ. Láràárọ̀ ló ń gbé ìyàwó rẹ̀ jáde tàpótí tàpótí.

Èyí tó wà ní gbangba ló kọ́kọ́ hù, oòrùn ọ̀sán sì pa á. Èyí tó wà lábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ hù dáadáa, ìgbín sì jẹ ẹ́ tán ní ìjókòó kan. Tinú ìkòkò hù tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, ó na ọrùn síta bí ẹni ń retí àlejò. Ọdẹ́lànà dúró láàárín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó fọwọ́ họ orí. Oòrùn pa á, òjìji kò gbè é. Gbogbo ẹnu iwin ló jóòótọ́, kò sì sí èyí tó wúlò. Ẹfúnyẹlá ní ibi tó ń na ọrùn sí ni kí wọ́n gbé e lọ. Wọ́n gbé ìkòkò síbi tí oòrùn àárọ̀ ń dé, tí ògiri ń ṣíji bò nígbà tí ọ̀sán bá pọ́n. Kò pẹ́ tí ọrùn rẹ̀ fi le. Nígbà tó ní ewé mẹ́rin, wọ́n hú u, wọ́n lọ́ ọ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri náà, wọ́n sì da eérú yíká nítorí ìgbín. Méje ni wọ́n lọ́. Mẹ́ta kú. Ọ̀pá fi hàn pé ohun kan náà ni wọ́n ṣe fún gbogbo wọn. Ọdẹ́lànà ka àmì náà títí, kò rí ìdí ikú mẹ́ta yẹn.

Mẹ́rin tó kù ga, wọ́n yọ òdòdó. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bí ó ti gbé Ẹfúnyẹlá dé ibẹ̀, obìnrin náà ní kí ó gbé òun súnmọ́ ìdí kẹta. Ó tẹ̀ síwájú, ó fi ìka nu igi rẹ̀. Igi àwọn tó kù dúdú bí ewé. Tèyí pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ àná, láti ìdí dé ibi tí ewé ti yà. Ó já ewé kan, ó jẹ ẹ́ ní tútù, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀.

Ó ní bí tìyá òun ṣe rí nìyẹn. Ó ní pípọ́n ni gbogbo rẹ̀ pọ́n nígbà tí òun gbé e dé ilé yìí, ṣùgbọ́n láti ọdún kẹta ló ti di dúdú, adùn rẹ̀ sì yí padà. Òun rò pé ọwọ́ òun ló bà á jẹ́, òun kò sì lè sọ fún ìyá òun títí ó fi kú. Bí ìyá bá ránṣẹ́ béèrè, òun a ní ó ń ṣe dáadáa.

Ọdẹ́lànà wò ó bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé rẹ̀. Ohun tó béèrè ni pé kí ni àwọn ṣe fún ìdí kẹta yìí tí àwọn kò ṣe fún ìyókù. Wọ́n fa ọ̀pá tu, wọ́n jọ kà á. Kò sí ohun kankan.

Nígbà tí èso rẹ̀ dúdú tó sì rọ̀, Ẹfúnyẹlá ká a fúnra rẹ̀, ó fún un sínú omi, ó sá irúgbìn rẹ̀, ó sì kó o sí ọkọ rẹ̀ látẹ́lẹwọ́. Ó ní kí ó lọ gbìn ín. Ọdẹ́lànà bi í pé níbo.

“Èmi náà kò mọ̀, baálé mi.”

Ọdẹ́lànà ya ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí mẹ́ta, ó sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ láti pín irúgbìn sí. Ó wò ó, ó wo ẹ̀yìnkùlé láti igun dé igun, ó sì tún ya ẹ̀kẹrin.